Morse Gẹ́gẹ́ bí Ẹnu Ibodè: Ìtàn Ìdánwò Kan láàárín Peckham Rye àti Èkó

Ìfáárà

Yorùbá ń pe rédíò ní ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. Orúkọ náà bá rédíò tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń tan ìròyìn àti orin kálẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n oríṣi rédíò kan wà tí orúkọ yìí kò bá mu rárá. Òun ni rédíò àmátọ̀, ìyẹn rédíò tí ènìyàn ń fi ìfẹ́ ṣe nínú ilé ara rẹ̀ láìgba owó lórí rẹ̀, tí ó sì fi ń bá àwọn ẹlòmíràn bíi tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń retí èsì. Èsì náà gan-an ni ó ń wá.

Ojú òfuurufú tí ìgbì rédíò ń gbà kọjá jẹ́ ti gbogbo ayé, nítorí náà ìjọba máa ń ní kí ẹni tó bá fẹ́ fọhùn síbẹ̀ gba ìwé àṣẹ. Láti 1927 títí di 2003, òfin àgbáyé béèrè pé kí olùwá-ìwé-àṣẹ mọ àmì Morse, kí ó lè fi etí gbà á, kí ó sì lè fi ọwọ́ rán an. Àríyànjiyàn lórí ìdánwò yìí kò tíì parí láàárín àwọn tó ń ṣe rédíò àmátọ̀: àwọn kan gbà pé òun ló ń fi ojúlówó hàn, àwọn mìíràn sì gbà pé ìdènà lásán ni. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti Peckham Rye ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá ti pọ̀. Ó fi hàn pé fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀, ìdánwò Morse kò sọ bóyá ènìyàn lè lo rédíò tàbí kò lè lò ó. Ohun tó ń sọ ni bí ohùn rẹ̀ ṣe lè jìnnà tó, Èkó sì wà ní òdìkejì ibodè náà.

Àmì lórí òkè, wáyà lábẹ́ òkun

Ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ti wà láti 1865. Pápá gbalasa tó fún un lórúkọ ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Láàárín ibùdókọ̀ àti pápá ni Rye Lane wà, òpópónà tí ènìyàn ti lè ra ẹ̀lùbọ́, ata rodo àti àǹkárá, tí ó sì ti lè gbọ́ Yorùbá láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan ló ń pe àdúgbò náà ní Èkó Kékeré.

Bí ènìyàn bá rìn síhà ìlà-oòrùn láti ibẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé òkè kan ní New Cross tó ń jẹ́ Telegraph Hill. Orúkọ náà ti wà kí wáyà tó dé ayé. Ní 1796, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Faransé jagun, àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi gbé férémù onígi kan kalẹ̀ lórí òkè náà. Pákó pẹlẹbẹ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, a sì lè ṣí ìkọ̀ọ̀kan tàbí kí a tì í. Ọ̀nà 64 ni a lè gbà tò wọ́n, èyí sì ju iye lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ. Òṣìṣẹ́ tó wà ní West Square ní Southwark ń fi awò wo New Cross. Ti New Cross ń wo Shooter's Hill. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ láti orí òkè kan dé èkejì títí dé Deal létí òkun. Lẹ́yìn tí ogun parí, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ohun kan tí ibẹ̀ fi kọ́ni ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìmọ̀ àmì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ogun. Ẹni tó bá ṣi àmì kà lè kó ọkọ̀ ojú omi sí wàhálà.

Ní 1844 ni Samuel Morse, ọmọ Amẹ́ríkà, fi àmì tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà láti Washington sí Baltimore. Ohùn kúkúrú àti ohùn gígùn péré ni àmì náà ní. Bí a bá ṣe tò wọ́n ni lẹ́tà ṣe ń yàtọ̀. Ní 1886, wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, ó sì so ìlú náà pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà wáyà yìí wá ni "títẹ wáyà" ti wọ èdè Yorùbá, tí ó sì di orúkọ ìránṣẹ́ kíákíá, pàápàá ìròyìn ọ̀fọ̀. Nígbà tí Marconi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ láìlo wáyà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àmì Morse ni wọ́n ṣì ń lò. Ní 1904, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń fún àwọn olùdánwò aládàáni ní tiwọn.

Ohun tí Morse gbé àti ohun tí ìlù gbé

Ó rọrùn láti sọ pé Morse ni gángan Òyìnbó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé etí ni a fi ń kọ́ méjèèjì kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan gbé ni èkejì sọ nù. Lẹ́tà ni Morse ń gbé, kò sì mọ ohùn. Ohùn ni dùndún ń gbé, kò sì mọ lẹ́tà.

Kí a fi wáyà kan ṣe àpẹẹrẹ: OKO MI TI DE. Ẹni tó gbà á kò lè mọ̀ bóyá ọkọ ló dé tàbí ọkọ̀. Nínú ìwé àmì Morse ti àgbáyé, lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lórí ni é. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀. Ìyáàlù yóò fi ìyàtọ̀ hàn kedere láàárín ọkọ àti ọkọ̀, nítorí ohùn wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọkọ àti oko, nítorí ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń na ọ̀rọ̀ gùn, tí ó ń fi oríkì àti òwe tì í lẹ́yìn, kí olùgbọ́ lè fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ èyí tó ń wí. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú ọ̀nà tí ìmọ̀ fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ọmọ Àyàn ń kọ́ ìlù nínú agbo ilé, lọ́wọ́ baba àti ẹ̀gbọ́n. Kò sí aláṣẹ kan tó ń ní kí ẹni tó fẹ́ jó kọ́kọ́ yege nínú ìlù lílù. Morse, ní ti àwọn àmátọ̀, di ohun tí òfin fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: iṣẹ́ ọwọ́ kan tó níyì di owó ibodè.

Ìdí tí òfin fi béèrè rẹ̀

Ìdí méjì ló ṣe pàtàkì jù lọ, méjèèjì ló sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn lórí òkun. Nígbà tí àpérò àgbáyé lórí rédíò jókòó ní Washington ní 1927, Morse ni ọkọ̀ ojú omi tó bá wà nínú ewu fi ń ké gbàjarè. Bí àmátọ̀ kan bá ṣèèṣì dí ìgbì tí ọkọ̀ ń lò, ó yẹ kí ó lè gbọ́ ọ yé nígbà tí wọ́n bá ní kí ó dákẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ Morse kò lè gbọ́ àṣẹ náà.

Ìdí kejì jẹ mọ́ ogun. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo àmátọ̀, ó sì kó àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọhùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjọba kan náà fi padà wá bẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ń jókòó nínú ilé wọn lálẹ́, wọ́n ń tẹ́tí sí àmì Morse tí àwọn amí Jámánì ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà. Etí tí wọ́n fi ìfẹ́ kọ́ di ohun ìjà fún orílẹ̀-èdè.

Nígbà tí wọ́n dá ìwé àṣẹ padà ní 1946, ìdánwò méjì ló ń dúró de ẹni tuntun. Ọ̀kan jẹ́ ìdánwò àkọsílẹ̀ lórí iná mànàmáná àti rédíò, láti ọwọ́ City and Guilds, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó. Èkejì ni Morse: ọ̀rọ̀ 12 láàárín ìṣẹ́jú kan, ní gbígbà àti ní rírán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ibodè Peckham

Òfin àgbáyé fi àyè kékeré kan sílẹ̀. Láti 1947, orílẹ̀-èdè lè yọ̀ǹda ẹni tí kò mọ Morse bí ó bá jẹ́ pé ìgbì tó ga ju 1000 MHz lọ nìkan ni yóò lò. Ní 1959, wọ́n sọ ààlà náà kalẹ̀ sí 144 MHz. Ní 1979, ó di 30 MHz. Inú àyè yìí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ìwé àṣẹ Ìpele B sílẹ̀ ní 1964 fún ẹni tó yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣe Morse. Ìgbì gíga nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á láàyè láti lò. Ní 1968, wọ́n ṣí 144 MHz fún un. Ìpele A, tó ní Morse, ló ni gbogbo ìyókù.

Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ìgbì 144 MHz kì í sábà tẹ̀ lé yíyí ayé. Ó ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀, ìlú kan sí ìlú kejì ni ó sì ń mọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìgbì tí kò tó 30 MHz ló máa ń lu òkè òfuurufú níbi tí oòrùn ti fi agbára sí i, tí ó sì ń ta padà sílẹ̀ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Láti Peckham sí Èkó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, síhà gúúsù. Ẹni tó bá fẹ́ fi rédíò tirẹ̀ ké sí ẹni tó wà níbẹ̀, tí àmì ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N (ZD2 ni kí òmìnira tó dé), ní láti wà lórí 14 tàbí 21 MHz. Ibodè Morse ló sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wọ ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ rédíò, ní 1961, nítorí náà òfin kan náà ló wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì.

Ilé gbígbé tún dá kún un. Wáyà tí àmátọ̀ ń ta sókè fún ìgbì 3.5 MHz máa ń gùn tó nǹkan bí 40 mítà. Ti 144 MHz kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ní àwọn ọdún tí Ìpele B ń gbilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ North Peckham Estate, ilé àjùmọ̀gbé ńlá tí ọgbà kò sí fún olúkúlùkù. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ń ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, rí i pé àyè ilé rẹ̀ àti òfin jùmọ̀ ń tì í sí Ìpele B: ohùn tó lè dé Croydon, tí kò lè dé Èkó.

Kí a má ṣe sọ àsọdùn o. Rédíò àmátọ̀ kì í ṣe tẹlifóònù ọ̀fẹ́. Òfin kò gbà kí a fi í ṣòwò, ìwé àṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà kí a fi í jíṣẹ́ fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Ìyá tó fẹ́ béèrè bóyá owó ti dé kò lè gba ibẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ènìyàn méjì tó mọ iṣẹ́ kan náà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ láìsí agbedeméjì. Àǹfààní yìí ni ìdánwò náà ń pín.

Àwíjàre àwọn tó fẹ́ kí ìdánwò náà wà

Àwọn tó dúró ti Morse kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwíjàre wọn àkọ́kọ́ ni pé ìdánwò náà ń yọ èpò kúrò. Ní 1981, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àṣẹ sí CB, rédíò kékeré orí 27 MHz tí kò béèrè ìdánwò kankan, ọ̀pọ̀ àmátọ̀ sì bẹ̀rù pé ariwo ibẹ̀ yóò ya wọ ilé wọn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Ìdánwò àkọsílẹ̀ kan náà ni Ìpele A àti Ìpele B ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó yà wọ́n ni Morse. Láti 1964 ni àwọn Ìpele B ti wà lórí afẹ́fẹ́, ìjọba sì ń fẹ àyè wọn sí i ni. Etí ni ìdánwò Morse ń wọ̀n; kò lè wọn ìwà.

Àwíjàre kejì lágbára jù. Morse ń gba àyè díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́: nǹkan bí 150 Hz, nígbà tí ohùn ènìyàn ń gba 2,500 Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń kọjá níbi tí ohùn ti kú sọ́nà. A lè fi ẹ̀yà ẹ̀rọ díẹ̀ tí owó wọn kò pọ̀ kan ẹ̀rọ rẹ̀, kí bátìrì kékeré sì gbé e. Fún ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tí iná kò dúró fún, tí kò sì lówó ẹ̀rọ olówó gọbọi, Morse ni rédíò mẹ̀kúnnù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí. Ṣùgbọ́n ìdí láti kọ́ni ni. Kì í ṣe ìdí láti lé ni padà. Aṣọ òfì níyì, ó sì máa ń tọ́jọ́. Síbẹ̀ oníbodè kò ní torí rẹ̀ sọ pé ẹni tó wọ àǹkárá kò ní wọ ìlú.

Àwíjàre kẹta ni ti òkun, èyí tó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, 1999, ètò ìgbàlà tuntun tó ń lo sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ aládàáṣe gba ipò Morse pátápátá lórí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá. Láti ọjọ́ náà, ìdí tí wọ́n fi gbé ibodè kalẹ̀ ti kú, ibodè sì ṣì dúró. Nígbà tí ohun kan bá pẹ́ ju ìdí rẹ̀ lọ, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa wá ìdí mìíràn fún un.

Bí ibodè ṣe ṣí

Kò ṣí lójijì. Ní 1991, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé àṣẹ àwọn akọ́ṣẹ́ sílẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ 5 láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó fún ẹni tó fẹ́ ìgbì ìsàlẹ̀. Ní 2000, Amẹ́ríkà sọ tirẹ̀ náà kalẹ̀ sí 5 fún gbogbo ènìyàn. Ní 2002, ìwé àṣẹ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò béèrè ìyára mọ́. Ó kàn ní kí olùdánwò tọ́ Morse wò, pẹ̀lú ìwé àmì níwájú rẹ̀.

Láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2003, àpérò àgbáyé lórí rédíò jókòó ní Geneva, ó sì pinnu pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ yàn bóyá yóò béèrè Morse. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jáfara: ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún náà, ìdánwò Morse kò sí mọ́, àwọn Ìpele B sì wọ ìgbì ìsàlẹ̀. Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 2007. Ọ̀nà láti Peckham sí Èkó ṣí fún ohùn ẹnu.

Ní oṣù Kẹwàá 2003 kan náà, UNESCO fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìdáàbòbò àwọn ogún ìbílẹ̀ tí a kò lè fọwọ́ bà. Àjọ náà ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001. Ó kéde Ifá ní 2005. Ní 2014, Jámánì kọ Morse sínú àkọsílẹ̀ irú ogún bẹ́ẹ̀ ti orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, Morse kúrò ní ilé òfin, ó sì wọ ilé àjogúnbá.

Ǹjẹ́ ó kú? Kò kú. Títí di òní, ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ sí 7 tàbí 14 MHz yóò gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn àmátọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RSGB, ń fún ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Síbẹ̀ àdánù wà. Kò dájú mọ́ pé àmátọ̀ méjì tó bá pàdé lórí afẹ́fẹ́ yóò ní èdè àmì kan náà. FT8, ètò orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2017, ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá níbi tí etí ènìyàn kò ti lè gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ Ìbàdàn tí bátìrì kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì nílò Morse, kò sì sí òfin tí yóò mú ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní dandan.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ìdánwò Morse tọ́ nígbà tí ẹ̀mí àwọn ará ọkọ̀ rọ̀ mọ́ ọn, kò sì tọ́ mọ́ nígbà tí ìyẹn tán. Ó yẹ kí ìwé àṣẹ béèrè ohun tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn: kí ènìyàn mọ ìgbì tó jẹ́ tirẹ̀, kí ó má dí ti ọkọ̀ òfuurufú, kí iná má pa á, kí ó má sì pa aládùúgbò rẹ̀. Ohun tó kọjá èyí, ọwọ́ olùkọ́ ni kí a fi í sí.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní èdè àti ìlù ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ọ̀rọ̀ ara wọn nínú rẹ̀. Àmì ohùn ṣe pàtàkì. Wáyà OKO MI TI DE jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Peckham tó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ àgbà láìfi àmì sí i ti wọ ìlú. Nínú ìlú ni kí a ti kọ́ ọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Agbo ilé Àyàn kò fi ìdánwò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́ wá, ìlù kò sì tíì dákẹ́. Ọwọ́ àwọn tó bá ní sùúrù láti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ Morse náà wà báyìí.